Sibylle: Ọkọ̀ Ogun Faransé Tó Ṣọdẹ Ọkọ̀ Akẹ́rú Níwájú Èkó

Ẹni tó bá mọ aṣọ bí àwọn ará Òjé ṣe mọ̀ ọ́n kò ní rò pé àlọ́ ni mo ń pa bí mo bá sọ pé aṣọ ló ń wa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí epo, kò sí èéfín. Òpó igi gíga gíga mẹ́ta ni wọ́n á rì mọ́ inú ọkọ̀, wọ́n á so aṣọ tó nípọn mọ́ ọn lára, atẹ́gùn á kún inú aṣọ náà, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ìgbòkun ni à ń pe aṣọ yìí. Aṣọ yìí náà ló gbé àwọn èèyàn wa lọ sí oko ẹrú ní Bahia àti ní Kúbà, aṣọ yìí kan náà ló sì gbé àwọn tó wá gbà wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Sibylle ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Faransé ló kàn án, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, ó jagun dé Íńdíà, ó jagun dé Fílípìnì, ìgbà tó sì di arúgbó ni wọ́n wá gbé e wá síwájú Èkó. Láti 1827 títí di 1830 ló fi ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú omi wa, tó ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí Ìbàdàn yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu. Bí àwọn baba wa ṣe ń pàgọ́ lágbègbè Ọjà'ba, bẹ́ẹ̀ náà ni Sibylle ń ṣọ́ ẹnu omi Èkó. Àwọn tó wà lágọ̀ọ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ náà wà láyé, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà kò sì mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Ìbàdàn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló da àwọn méjèèjì pọ̀.

OBÌNRIN ARÍRAN

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1791 ni wọ́n ti Sibylle bọ omi ní Toulon, ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin aríran láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù ni wọ́n sọ ọ́. Jacques-Noël Sané ló ya àwòrán bí wọn yóò ṣe kàn án. Ọ̀gá ni Sané nídìí iṣẹ́ yìí, tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀tá Faransé gan-an ń fẹ́ ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ó gùn tó mítà 46, ó fẹ̀ tó mítà 12, àwọn èèyàn bí 300 ló ń gbé inú rẹ̀. Ìbọn àgbá ńláńlá 26 ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń yìn lé ní kílò 8. Àwọn ìbọn mìíràn tún wà lókè. Kì í ṣe irú ọkọ̀ gbàǹgbà tó máa ń tò sójú kan láti bá ọ̀tá kọ lù. Asáré ni, ọdẹ ni, òun náà ni alamí. Ohun tí wọ́n kàn án fún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1794, ó wà ní èbúté Mykonos, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, nígbà tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Romney ká a mọ́bẹ̀. Wọ́n ní kó túúbá, ọ̀gá rẹ̀, Rondeau, ní òun ò túúbá. Wọ́n yìnbọn fún ara wọn fún ohun tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, kí Faransé tó gbà pé ó parí. Bí Sibylle ṣe di ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Wọ́n yí orúkọ náà díẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní Sybille.

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ní oṣù kejì ọdún 1794 yẹn kan náà, oṣù mẹ́rin péré kí wọ́n tó gba ọkọ̀ náà, ìjọba Faransé ti fòfin de oko ẹrú nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ló sì ń kó ẹrú jù lọ lórí òkun lákòókò náà. Nígbà tó di 1802, Napoleon dá oko ẹrú padà fún àwọn Faransé. Nígbà tó di 1807, Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé orílẹ̀-èdè kan wà tó jogún òdodo láti ọ̀run wá. Pákó kan náà ni pákó ọkọ̀ yẹn, ìbọn kan náà ni ìbọn rẹ̀. Ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà.

Ẹ̀TÀN NÍ MANILA, ÒKÙ NÍ ÍŃDÍÀ

Ní oṣù kìíní ọdún 1798, ọ̀gá tuntun rẹ̀, Edward Cooke, gbé e lọ sí Manila ní Fílípìnì. Sípéènì ló ni ibẹ̀ nígbà náà, Sípéènì àti Faransé sì ń ṣe ọ̀rẹ́. Cooke pàṣẹ kí wọ́n ta àsíá Faransé sókè. Ta ni yóò fura? Ọkọ̀ Faransé ni lóòótọ́, gbogbo ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ló máa rí i. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì tu ọkọ̀ wá kí wọn. Cooke gbọ́ èdè Faransé, ó fi pàdé wọn, ó fún wọn ní ohun jíjẹ mímu, ó sì ń bi wọ́n léèrè gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti di ẹni ìdè, òun àti ọkọ̀ kejì rẹ̀, Fox, sì ti gba ọkọ̀ ìbọn mẹ́ta.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú ogun gidi dé. Lóru ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1799, lójú omi Bengal ní Íńdíà, Sybille pàdé La Forte, ọkọ̀ Faransé tó tóbi jù ú lọ tí ìbọn rẹ̀ sì wúwo jù tirẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìbọn lu ara wọn nínú òkùnkùn títí gbogbo òpó La Forte fi wó. Ọ̀gá La Forte kú lójú ogun. Ọta ba Cooke náà, ó jẹ̀rora fún oṣù bíi mẹ́ta kó tó gbẹ́mìí mì ní Calcutta. Wọ́n kọ́ òkúta ìrántí fún un nínú Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1801, ọ̀gá mìíràn, Charles Adam, tún fi Sybille gba ọkọ̀ ogun Faransé kan, Chiffonne, ní Seychelles. Ní 1826, ó ti ń lé àwọn olè ojú òkun kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Crete.

Ọkọ̀ tó ti lò tó ọdún 35 ni wọ́n wá ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

NÍWÁJÚ ÈKÓ

Francis Augustus Collier ni ọ̀gá tó gbé e wá, òun náà sì ni olórí gbogbo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọba Ọ̀ṣínlókun ló wà lórí oyè l'Ékòó nígbà náà, ó sì wàjà ní 1829. Òwò ẹrú ló gbòde. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ará Pọtogí àti ti Brazil, ń gbé tábà Bahia wá, wọ́n ń gbé ọtí, ìbọn, ẹ̀tù, aṣọ àti owó ẹyọ wá, wọ́n ń fi ra èèyàn.

Sybille kò lè wọ Èkó. Yanrìn tó ga sókè lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé láyé ìgbà náà, ìgbì ibẹ̀ sì le. Ìta lójú agbami ló gbọ́dọ̀ máa wà. Ìṣòro kejì tún wà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rú tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n yára bí ìgalà. Bí wọ́n bá rí òpó gíga Sybille lókèèrè báyìí, ó parí, wọ́n ti lọ.

Àmọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1827, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ọ̀kan tó kó ẹrú l'Ékòó. Henriquetta ni wọ́n ń pè é. José de Cerqueira Lima, gbajúgbajà oníṣòwò ẹrú ní Bahia, ló ni ín. Èèyàn 569 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ tó kéré sí Sybille púpọ̀, tí Sybille sì jẹ́ ilé èèyàn 300 péré, òun ni wọ́n to èèyàn 569 sí bí ẹní to igi ìdáná.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ Freetown ti dá Henriquetta lẹ́bi, wọ́n gbé e sí gbàǹjo. Collier rà á. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Black Joke, ó kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Sybille sínú rẹ̀, ó ní kó máa lọ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Láti ọjọ́ náà, Sybille di ìyá ọdẹ, Black Joke di ajá rẹ̀.

Ọdẹ tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ jù ni ti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1829. El Almirante, ọkọ̀ akẹ́rú Sípéènì, ti kó ẹrú l'Ékòó, ó sì gba ojú òkun lọ. Ìbọn 14 ló gbé, àwọn atukọ̀ rẹ̀ tó 80. Ìbọn méjì péré ni Black Joke ní. Henry Downes tó ń darí Black Joke lé e láti ojúmọ́ dé ojúmọ́. Nígbà tí atẹ́gùn dáwọ́ dúró, wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí wọ́n fi bá a, wọ́n yí sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí àwọn ìbọn rẹ̀ kò ti lè rí wọn, wọ́n sì yìnbọn títí ó fi túúbá. Èèyàn 466 ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ náà.

ILÉ LA TI TÀ WỌ́N

Níbo ni àwọn 569 ti wá? Níbo ni àwọn 466 ti wá? Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé òyìnbó ló wá jí wa kó. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, òyìnbó inú Henriquetta kò mọ ọ̀nà Àpòmù.

Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, ọwọ́ Aláàfin kò ká ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sá bọ̀ ní gúúsù, ẹni tó sá lónìí ni wọ́n ń mú lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọjà Àpòmù dá ìjà sílẹ̀ láàárín Òwu àti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú dá sí i, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ tí kò nílé mọ́ dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n do ti Òwu títí ó fi fọ́. Òwu fọ́ tán, ogun kò tú ká. Wọ́n kọjú sí àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tó kù sá lọ sí abẹ́ Olúmọ.

Gbogbo ìlú tó fọ́ yẹn ló lérò nínú. Àwọn tí wọn kò pa, wọ́n kó wọn. Àwọn tí wọn kò fi ṣe ìyàwó tàbí fi sí oko, wọ́n tà wọ́n. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ló gbé wọn dé ọ̀sà, ọ̀sà ló gbé wọn dé Èkó. Ìbọn tí wọ́n fi jagun, owó ẹrú ni wọ́n fi rà á. Ẹrú tí wọ́n fi ra ìbọn, ojú ogun ni wọ́n ti kó o. Bí ìdí ogun ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń pọ̀ sí i níwájú Èkó. N kò sọ èyí láti bú àwọn baba wa. Ojú ogun ló gbé wọn sùn, ojú ogun ló jí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ki oríkì ìlú yìí, tó ń yangàn pé ogun la fi tẹ̀ ẹ́ dó, ó yẹ kó mọ ibi tí ìkógun gbà lọ.

ÒFIN OLÓJÚ KAN

Àwọn tó rán Sybille wá náà, ọwọ́ wọn kò mọ́ tán. Ẹ gbọ́ bí òfin wọn ṣe rí. Gẹ̀ẹ́sì ti bá Pọtogí ṣe àdéhùn ní 1815 àti 1817 pé kí ọkọ̀ wọn má ṣe kó ẹrú mọ́ ní apá òkè ìlà tó la ayé sí méjì. Èkó wà ní apá òkè yẹn. Ṣùgbọ́n òfin kò kan apá ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ Brazil á gba ìwé pé Malembo lápá Cabinda ni òun ń lọ, Èkó ni yóò yà sí.

Èyí tó burú jù ni pé Sybille kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà bí kò bá tíì sí ẹrú nínú rẹ̀. Wọn ì báà rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nílẹ̀, wọn ì báà rí ìkòkò oúnjẹ èèyàn 500, bí ẹrú kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ aláìṣẹ̀ ni. Nítorí náà, ọdẹ á dúró lókèèrè, á máa wò, títí wọn yóò fi fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó àwọn èèyàn gba orí ìgbì kọjá, títí wọn yóò fi rọ́ wọn sí abẹ́ ọkọ̀, kó tó máa lé wọn. Ọdún 1835 ni wọ́n tó tún ti àwọn ará Sípéènì ṣe, ti Pọtogí sì di 1839.

Owó tún wà níbẹ̀. Lórí orí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san pọ́n-ùn 10 fún àwọn atukọ̀ ogun láàárín 1824 sí 1830. Ọ̀pọ̀ wọn kórìíra òwò ẹrú dénú, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ṣófo kò lówó lórí.

Bí ọwọ́ bá sì ti tẹ ọkọ̀ akẹ́rú tán, ìyà kò tíì tán. Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni ilé ẹjọ́ wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kojú atẹ́gùn àti ìṣàn omi kí wọ́n tó débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò lójú omi, nínú ọkọ̀ yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún wọn pé wọ́n ti bọ́.

DÓKÍTÀ TÓ MU ÈÉBÌ

Ikú kò yọ àwọn Sybille náà sílẹ̀. Láàárín 1829 sí 1830, ibà pọ́njú wọ inú ọkọ̀. Bó bá mú èèyàn, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá máa bì ohun dúdú. Ẹ̀rù ba gbogbo ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sún mọ́ aláìsàn, wọ́n rò pé èémí rẹ̀ á ran àwọn.

Dókítà ọkọ̀ náà, Robert McKinnal, gbà pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba èébì dúdú ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn sínú ife, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i, ó sì gbé e mu. Ó wá ń rìn kiri lórí ọkọ̀ kí wọ́n lè rí i pé òun kò lọ bì í sílẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kò ṣe é ní nǹkankan. Ọkàn àwọn atukọ̀ balẹ̀.

Ó gbà á dáa, àmọ́ kò mọ ìdí. Ọdún 1900 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Kúbà pé ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn náà láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ní 1927, ọgọ́rùn-ún ọdún gérégé lẹ́yìn Henriquetta, Adrian Stokes tó ń wádìí àìsàn yìí ní Yábàá l'Ékòó kó o, ó sì kú. Ara ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún fún wa títí dòní.

ÀWỌN TÓ DÉ FREETOWN

Ní Freetown, akọ̀wé á jókòó, á kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá: ọkùnrin tàbí obìnrin, bó ti dàgbà tó, bó ti ga tó, ilà wo ló wà lójú tàbí lára rẹ̀. Ìlú ẹni ti fọ́, ẹbí ti tú, pélé àti àbàjà ló kù tó ń sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gba òmìnira bí a ṣe mọ òmìnira. Wọ́n fi àwọn kan sí iṣẹ́ ológun, wọ́n fi àwọn ọmọdé sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tó lò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìyókù tẹ̀dó sí abúlé bíi Hastings, Waterloo àti Wellington. Nítorí pé ọ̀rọ̀ "ẹ kú" kì í kúrò lẹ́nu wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú. Ẹni Òwu àti ẹni Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń pa ara wọn nílé wá di ọmọ ìyá kan náà lẹ́yìn odi.

Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Gbogbo wa la mọ Àjàyí Crowther, tí ọkọ̀ ogun mìíràn gbà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822, tó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọdún 1846 yẹn náà, ní Hastings láàárín àwọn Akú, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Johnson. Bàbá rẹ̀ kó wọn wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn Hinderer ṣiṣẹ́ ìjọ ní Kúdẹtì. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ṣe tíṣà. Òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ogun Òwu àti bí Ìbàdàn ṣe di ìlú, púpọ̀ nínú rẹ̀, inú ìwé rẹ̀ la ti kà á. Ilẹ̀ Sàró tí ogun tà wá lọ ló rán akọ̀wé ogun náà padà sí wa.

OHUN TÓ KÙ

Ní 1830, Sybille padà sílé. Òun àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sílẹ̀. Wọ́n tà á ní 1833, ọdún kan náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fòpin sí oko ẹrú nínú ilẹ̀ wọn. Black Joke ti ṣáájú rẹ̀ kúrò láyé: wọ́n dáná sun ún ní Freetown ní 1832 nítorí pé igi rẹ̀ ti jẹrà.

Ṣé òwò ẹrú wá tán l'Ékòó? Rárá o. Ó tún lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tí Sybille lọ, títí Brazil fi ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní 1850, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìbọn àgbá lu Èkó ní òpin 1851, pẹ̀lú ojú wọn lára epo pupa wa. Nígbà tí kò sì sí ẹni tó ń ra ẹrú ní etí òkun mọ́, inú ilé la ti ń lò wọ́n. Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, ẹrú rẹ̀ tó ń dáko kò kéré, òun nìkan sì kọ́ ló ní irú wọn láàárín àwọn olóyè ìlú.

Ìbọn 26 ni Sybille gbé sí ẹ̀gbẹ́, kò sí èyí tí ọta rẹ̀ lè dé Àpòmù. Ọdẹ ojú omi lè gba ẹni tí wọ́n ti tà, kò lè dá ọwọ́ ẹni tó ń tà dúró. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ogiri tiwa ló kọ́kọ́ lanu.

Cooke ní òkúta ìrántí ní Westminster. Àwọn 569 inú Henriquetta kò ní òkúta, kò ní oríkì tí ẹnikẹ́ni ń kì fún wọn ní Òjé tàbí ní Màpó. Èyí tí a lè ṣe fún wọn kò pọ̀: nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó, kí a rántí pé àwọn kan wà tí ogun yẹn kan náà lé kúrò nílé, tí aṣọ ìgbòkun sì gbé lọ.